Òpó Mápó Pẹ̀lú Ṣíbí: Àyẹ̀wò Aṣọ Àdìrẹ Ìbàdàndùn

Nínú gbogbo àdìrẹ ẹlẹ́kọ, aṣọ aláró tí wọ́n fi ẹ̀kọ ya àwòrán sí, tí a ṣì lè rí rà lónìí, Ìbàdàndùn ni mo máa ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ ọnà pé kí wọ́n rà, kí wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀, kí wọ́n sì wò ó fínnífínní, nítorí pé ẹni tó kọ́kọ́ ya á mọ bí a ṣe ń fi nǹkan kan wé òmíràn láìsọ ọ̀rọ̀ kan. Ẹ wá ibi tí òpó wà nínú aṣọ náà. Àwọn òpó gbọ̀ngàn Mápó ni, èyí tí wọ́n kọ́ sórí òkè ní Ìbàdàn nígbà ìjọba amúnisìn, tí wọ́n sì ṣí ní 1929. Wọ́n tò ní ọ̀wọ̀ọ̀wọ́, ṣùgbọ́n láàárín òpó kan sí èkejì, ṣíbí ni ó dúró síbẹ̀.

Òpó àti ṣíbí jọra ní ìdúró: méjèèjì gùn, méjèèjì ṣe tẹ́ẹ́rẹ́, méjèèjì sì ní orí. Síbẹ̀, ọ̀kan jẹ́ ti ilé ìjọba, èkejì jẹ́ ti ilé ìdáná, kò sì sí ẹni tí yóò rí wọn pọ̀ tí kò ní bi ara rẹ̀ léèrè ohun tó pa wọ́n pọ̀. Lójú tèmi, ẹni tó ya á ń sọ pé ìlú kì í dùn nípa ilé ńlá nìkan, bí kò bá sí oúnjẹ nínú rẹ̀. Ẹlòmíràn lè rí ìtumọ̀ mìíràn, aṣọ náà sì gbà á láyè.

Ẹ fi wé Ọlọ́ba, àdìrẹ ẹlẹ́kọ mìíràn tí wọ́n ṣe ní ìrántí ọdún 25 tí King George V, ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti wà lórí oyè, ní 1935. Àwòrán ọba àti olorì ni ó gba ojú aṣọ náà. Ó rẹwà, ṣùgbọ́n bí a bá ti dá àwọn tó wà nínú àwòrán mọ̀, ọ̀rọ̀ ti tán. (Mo mọ̀ pé àwọn tó ń kó àdìrẹ àtijọ́ jọ kò ní gbà pẹ̀lú mi lórí èyí.)

Ìyẹ́ adìyẹ ni wọ́n fi ya èyí tó wà lọ́wọ́ mi, ó sì hàn nínú ìlà rẹ̀, tó nípọn níbi kan, tó sì tín-ín-rín níbòmíràn. Ẹ̀kọ láfún tí wọ́n fi ń ya àwòrán kì í jẹ́ kí aró wọ ibi tó bá wà. Bí wọ́n bá ti rẹ aṣọ náà sínú aró léraléra, tí wọ́n sì ha ẹ̀kọ kúrò, àwòrán yóò yọ lórí aṣọ tó ti dúdú. Ojú kan ṣoṣo ni wọ́n ń fi ẹ̀kọ sí, nítorí náà ẹ̀yìn aṣọ máa ń ṣú ju ojú rẹ̀ lọ. Ẹ̀yìn ayédèrú tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ sábà máa ń ṣá ni. Nínú ọ̀kan tí mo rí, ẹni tó da àwòrán náà kọ ti sọ ṣíbí di igi gbọọrọ lásán, ó hàn pé kò mọ ohun tí ó ń yà.

Aṣọ mi kò ṣàì ní àbùkù. Abala méjì tí wọ́n rán pọ̀ di ìró kò bára mu, mo sì fura pé ọwọ́ ẹni méjì ló ya wọ́n. Aró rẹ̀ ń ṣí, ó sì ń yí mọ́ ni lára nígbà ooru, nítorí náà mo ń fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀ nínú omi tútù. Owó rẹ̀ ga ju ti èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ lọ fíìfíì.

N kò ní gba ẹni tó ń wá aṣọ àwọ̀lójoojúmọ́ níyànjú pé kí ó rà á. Àwọn ayàwòrán àti aránṣọ ni yóò wúlò fún jù lọ, kí wọ́n sì tẹ́ abala méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí wọ́n yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò, kí wọ́n tó san owó.