Ata inú òróró tó ń ró lẹ́nu: àwọn tí mo ti jẹ, àti bí mo ṣe ń jẹ wọ́n

Tí ẹ bá ra ìgò ata inú òróró irú èyí tí àwọn ará Ṣáínà ń ṣe, tó wá jẹ́ òróró pupa tó léfòó sókè nìkan lẹ bù, ẹ ò tíì jẹ nǹkan kan. Ìdí ìgò ni ọ̀rọ̀ wà. Ibẹ̀ ni àlùbọ́sà díndín, aáyù, ẹ̀wà sóyà àti wóro ata gbígbẹ kó jọ sí. Àwọn ló ń ró lẹ́nu, àwọn náà ni mo sì fi ń mọ èyí tó dára. Títa kọ́ ni mò ń wò. Ata tó ń ta kò wọ́n wa. Ṣùgbọ́n bí wóro inú ìgò bá ti rọ̀, tàbí tó jẹ́ pé òróró ló gba èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, ẹ fi owó yín ra òróró ni.

Houston ní Amẹ́ríkà ni mò ń gbé, àwọn ṣọ́ọ̀bù ará Éṣíà tó wà ní Bellaire Boulevard ni mo sì ti máa ń ra tèmi.

Lao Gan Ma ni mo fi ń wọn àwọn yòókù. Òun ni ìgò tó ní àwòrán obìnrin kan tí kò rẹ́rìn-ín. Tao Huabi lorúkọ rẹ̀. Núdù ló ń tà tẹ́lẹ̀ ní Guiyang, ní ẹkùn Guizhou ní Ṣáínà, àfi bí àwọn oníbàárà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá nítorí ata tó ń bù lé e lórí, ló bá dá iléeṣẹ́ ata sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1990. Ẹ fara balẹ̀ ka ara ìgò kí ẹ tó sanwó o, torí oríṣi Lao Gan Ma pọ̀: ó ní elẹ́pàá, ó ní èyí tó jẹ́ pé ẹ̀wà sóyà dúdú ló kún inú rẹ̀, wọn ò sì jọra lẹ́nu rárá. Èyí tí wọ́n kọ Spicy Chili Crisp sí lára ni mò ń sọ. Àlùbọ́sà inú rẹ̀ gbẹ táútáú. Ẹ̀wà sóyà tí wọ́n dé mọ́lẹ̀ títí tó fi ní òórùn, bí a ṣe ń dé irú, ló ń mú kó dùn dénú. Ó ta níwọ̀nba. Ajinomoto wà nínú rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹni tí kì í jẹ ẹ́ kó mọ̀. Tó bá jẹ́ pé owó ìgò kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ yín, òun ni kí ẹ rà.

Fly By Jing ni mo máa ń gbé jáde nígbà tí mo bá fẹ́ jẹun tí mi ò sì kánjú. Jing Gao, ọmọ bíbí Chengdu ní Sichuan, ní Ṣáínà, ló dá a sílẹ̀. Orí Kickstarter, ìkànnì tí àwọn èèyàn ti ń dáwó fún ẹni tó fẹ́ ṣe nǹkan tuntun, ló ti kó owó tó fi bẹ̀rẹ̀ jọ ní 2018. Ó wọ́n ju Lao Gan Ma lọ dáadáa. Lójú tèmi, wóro kan tí wọ́n ń pè ní huajiao ló tó owó náà. Kì í ṣe ata, kò sì bá iyèré tan. Tí ẹ bá jẹ ẹ́, ètè àti ahọ́n á kọ́kọ́ máa gbọ̀n rìrì, lẹ́yìn náà wọ́n á kú díẹ̀, itọ́ á sì máa sun lẹ́nu. Ẹni tó bá ti fi orín àtà fọ eyín rí ti mọ ohun tí mò ń sọ. Ìdílé igi kan náà ni wọ́n ní tòótọ́: Zanthoxylum ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pe méjèèjì. Inú mi dùn gan-an nígbà tí mo mọ èyí, torí ẹnu mi ti sọ fún mi kí n tó kà á. Huajiao wà nínú Lao Gan Ma náà, àmọ́ níbẹ̀, ẹ ní láti wá a kí ẹ tó mọ̀ ọ́n lára.

Ti àwọn ará Jàpáánù kì í ta tó ìyẹn. Iléeṣẹ́ Momoya gbé tiwọn jáde ní 2009, àwọn èèyàn sì rà á débi pé ó di ọ̀wọ́n lórí àtẹ ní 2010. S&B ni èmi máa ń rí rà níbí. Aáyù díndín kún inú ìgò kékeré náà bámúbámú, òórùn òróró yànmọtí ń ta sánsán, kò sì ta tó ohun tí ọmọdé ò lè jẹ. Èyí tí Trader Joe's, àwọn ilé ìtajà oúnjẹ kan ní Amẹ́ríkà, ń tà, àlùbọ́sà gbígbẹ nínú òróró ólífì ni. Mo fẹ́ràn rẹ̀ lórí ànàmọ́ yíyan, ṣùgbọ́n kì í ṣe ata ni ẹ máa torí rẹ̀ rà á. Momofuku, ti David Chang, alásè ará Amẹ́ríkà, ní ṣúgà àgbọn àti olú lílọ̀ nínú, adùn ló máa ń ṣáájú ata níbẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi bá adìẹ díndín mu. Iléeṣẹ́ yìí kan náà ló kọ lẹ́tà sí àwọn míì tó ń lo orúkọ “chili crunch” fún irú ata yìí pé kí wọ́n yé lò ó. Ariwo sọ, wọ́n sì kéde ní oṣù kẹrin ọdún 2024 pé àwọn ò ní bá ẹnikẹ́ni fà á mọ́. Mo dúpẹ́ pé ibẹ̀ ló parí sí. Ohun tí àwọn ìyá ti ń dín ní ilé ìdáná wọn tipẹ́tipẹ́ kò yẹ kó di ti ẹnì kan.

Ẹ tún wá salsa macha, ti àwọn ará Veracruz ní Mẹ́síkò. Ẹ̀pà, yànmọtí, aáyù àti ata gbígbẹ ni, kò sí sóyà níbẹ̀ rárá. Ẹni tó fẹ́ràn ẹ̀pà ò ní lè dáwọ́ dúró.

Àwọn kan ti bi mí pé ṣé kì í ṣe ata díndín tiwa náà nìyí. Rárá o. Tàtàṣé tútù la fi ń ṣe ata díndín. A lè dín in títí kí omi rẹ̀ gbẹ, síbẹ̀ rírọ̀ ló máa rọ̀. Èyí tó sún mọ́ ọn nínú tiwa ni ata ẹ̀wà aganyin: ata gbígbẹ, àlùbọ́sà tí wọ́n dín títí tó fi dúdú, nínú epo tí wọ́n ti gbé kaná títí àwọ̀ rẹ̀ fi ṣí. Mo ti bu Lao Gan Ma lé ẹ̀wà, ó ṣeé jẹ. Kò rọ́pò aganyin.

Ní ti bí a ṣe ń lò ó: ẹ gbé oúnjẹ kúrò lórí iná kí ẹ tó bù ú sí i. Aáyù tó ti din lẹ́ẹ̀kan, tó bá tún padà sínú òróró gbígbóná, jíjó ló máa jó, á sì korò. Tí ẹ bá sì dà á sínú ọbẹ̀ olómi, wóro á mumi, kò ní ró mọ́. Ẹyin nìkan ni mo yọ sílẹ̀. Mo máa ń bu òróró rẹ̀ láìsí wóro sínú páànù lórí iná kékeré, mo ń fọ́ ẹyin sí i, tó bá jinná tán ni mo wá ń bu wóro lé e. Lórí Indomie, ẹ fi àpò ata tó bá a wá sílẹ̀. Lórí iṣu sísè, S&B ni; aáyù yẹn àti iṣu gbígbóná mọwọ́ ara wọn. Kùkúmbà náà dára: ẹ fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀bẹ lù ú kó fọ́, ẹ wọ́n iyọ̀ sí i, ẹ ro omi rẹ̀ dànù, ẹ fi fínígà díẹ̀ sí i, lẹ́yìn náà ṣíbí ata kan. Ẹ bù ú sórí áísìkirímù fáńílà náà kí ẹ wò ó, Fly By Jing ni mo máa ń lò síbẹ̀. Tó bá ta yín ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ má mu omi. Ohun tó ń ta nínú ata kì í yòrò nínú omi, inú ọ̀rá ló ti ń yòrò. Wàrà ni kí ẹ mu.

Ṣíbí gbígbẹ ni kí ẹ máa tì bọ ìgò, kí ẹ sì rò ó dé ìdí kí ẹ tó bù. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe tiẹ̀ nílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da aáyù tútù sínú òróró kí ẹ gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì. Kòkòrò botulism, tí oró rẹ̀ lè pani, lè hù níbi tí afẹ́fẹ́ ò dé bẹ́ẹ̀, kì í sì í ní òórùn tàbí àmì tí ẹ fi máa mọ̀. Ẹ dín aáyù náà kó gbẹ pátápátá, ẹ gbé ìgò sínú fíríìjì, ẹ ṣe ìwọ̀nba tí ẹ máa tètè jẹ tán.