Ọ̀sẹ̀ 12 láàárín wáyà àti clapper: bí ìkọ́ṣẹ́ mi nílé-iṣẹ́ fíìmù ṣe rí

Wáyà ni ohun tí wọ́n kọ́kọ́ gbé lé mi lọ́wọ́. Ó gùn, ó ti lọ́ mọ́ra, ẹ̀gbọ́n tó ń bójú tó ohùn sì ní kí n ká a. Mo ká a bí mo ṣe máa ń ká okùn, mo ń yí i mọ́ àtẹ́lẹwọ́ àti ìgbọ̀nwọ́. Ẹ̀gbọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n tú u palẹ̀, wọ́n ní kí n máa wo ọwọ́ àwọn: ìká kan gba òkè, èyí tó tẹ̀ lé e yí gba abẹ́, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí wáyà fi tán. Wọ́n wá di orí rẹ̀ kan mú, wọ́n ju ìyókù síwájú. Ó nà gbọọrọ, kò ta kókó kankan. Wọ́n ní, "Wáyà tí o bá ń lọ́ sápá kan ṣoṣo lójoojúmọ́, inú rẹ̀ ló máa já. Ojú ò ní rí i. Ìgbà tí òṣèré bá ń sọ ọ̀rọ̀ tó wọni lára jù ni etí máa gbọ́ ọ."

Ọdún kẹta ni mo wà ní ẹ̀ka ìmọ̀ fíìmù àti tẹlifíṣọ̀n nígbà náà. Ilé ẹ̀kọ́ wa kì í jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ bọ́ sí ọdún tó kẹ́yìn láìkọ́ṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ 12. Ilé-iṣẹ́ tó gbà mí ń ṣe fíìmù, ó sì ń ṣe eré fún tẹlifíṣọ̀n. Lẹ́tà wọn sọ pé n ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ní ọ́fíìsì, márùn-ún ní lokéṣọ̀n (ibi tí wọ́n ti ń ya fíìmù), mẹ́ta lọ́dọ̀ ẹdítọ̀ (ẹni tó ń gé àwòrán, tó sì ń tò ó pọ̀). Mi ò ní dárúkọ wọn. Ohun tí mo bá pàdé níbẹ̀, ẹni tó lọ síbòmíràn náà lè bá a pàdé, torí kì í ṣe orúkọ ilé-iṣẹ́ ló ń kọ́ ọmọ níṣẹ́. Ẹni tí wọ́n bá fi ọmọ náà tì ló ń kọ́ ọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ 12 yẹn, mo rí ọjọ́ tí ohun tí mo kọ́ nínú rẹ̀ ju ti sáà ẹ̀kọ́ kan lọ, mo sì rí ọ̀sẹ̀ méjì gbáko tí mi ò kọ́ nǹkan kan. Abẹ́ òrùlé kan náà ni.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ní ọ́fíìsì ni mò ń sọ. Mò ń tẹ ìwé eré jáde, mò ń so ó pọ̀, mò ń fi àwọn àlejò jókòó. Kò sẹ́ni tó hùwà àìdáa sí mi, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí mo wà lábẹ́ rẹ̀. Bí mo bá béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan, á ní kí n lọ bi ẹlòmíràn. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni àǹtí tó ń ṣètò iṣẹ́, tí wọ́n mọ ibi tí gbogbo èèyàn àti gbogbo ẹrù wà, ní kí n fa àga mi wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn. Wọ́n kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣe call sheet, ìwé tí gbogbo òṣìṣẹ́ ń gbà lálẹ́ kí ọjọ́ iṣẹ́ tó mọ́. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ìdá mẹ́jọ-mẹ́jọ ni wọ́n ń pín ojú ewé ìwé eré sí. Ìran kan lè jẹ́ ojú ewé kan àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́jọ. Ojú ewé kan sì máa ń sún mọ́ ìṣẹ́jú kan lójú sinimá, nítorí náà bí ìwé bá ní ojú ewé márùn-ún la máa yà lónìí, ẹni tó mọṣẹ́ á ti máa ṣírò bóyá ilẹ̀ ò ní ṣú mọ́ wa lórí. Aago tí oòrùn máa yọ wà níbẹ̀, aago tó máa wọ̀ wà níbẹ̀, ilé-ìwòsàn tó sún mọ́ ibẹ̀ jù lọ náà wà níbẹ̀ tòun ti àdírẹ́sì. Àǹtí yìí kì í kọ orúkọ ilé-ìwòsàn sílẹ̀ láìkọ́kọ́ pè wọ́n lórí fóònù láti mọ̀ bóyá wọ́n ń gba èèyàn lóru. Mo nífẹ̀ẹ́ wọn gan-an nítorí ìyẹn.

Ní lokéṣọ̀n, ẹ̀ka kámẹ́rà ni wọ́n fi mí sí, lọ́dọ̀ ọmọkùnrin kan tó fi ọdún mélòó kan péré jù mí lọ. Òun ló ń kan clapper, pátákó onígi méjì tí wọ́n ń kàn níwájú kámẹ́rà. Ojú tí mo fi ń wo pátákó yẹn tẹ́lẹ̀ ni ojú tí gbogbo ayé fi ń wò ó, ohun ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n ń yà sára bébà ìpolówó sinimá. Ó jókòó tì mí nígbà ìsinmi ọ̀sán, ó ṣàlàyé. Kámẹ́rà ń gba àwòrán, ẹ̀rọ mìíràn lọ́tọ̀ ń gba ohùn, àwọn méjèèjì ò sì mọ ara wọn rí. Nígbà tí igi méjì clapper bá pàdé, àwòrán kan wà níbi tí wọ́n ti ṣẹ̀ṣẹ̀ kan ara wọn, ìró "pá" kan sì wà nínú ohùn. Àwòrán 24 ló ń kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan nínú fíìmù. Ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ni ẹdítọ̀ ń wá, kó lè gbé "pá" yẹn lé e lórí. Bó bá fi mẹ́ta tàbí mẹ́rin yẹ̀ ẹ́, ẹnu òṣèré àti ọ̀rọ̀ rẹ̀ á ti máa lé ara wọn.

Ó ní kí n gbé e síbi tí kámẹ́rà ti lè kà á, kí n pe nọ́ńbà ìran àti ti take (ìgbà kọ̀ọ̀kan tí a bá ya ìran kan náà) ketekete, kí n kàn án lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí n jẹ́ kó dúró díẹ̀ kí n tó gbé e kúrò. Bí wọn ò bá ráyè kàn án níbẹ̀rẹ̀, ìparí la máa kàn án, a ó sì dorí rẹ̀ kodò kí ẹdítọ̀ lè mọ̀ pé ẹ̀yìn ló ti máa wò ó. Bó bá jẹ́ ìran tí òṣèré ti fẹ́ sunkún, kí n rọra kàn án, kí n má ṣe já ẹkún gbà mọ́ ọn lójú. Mo ṣe é fún ọjọ́ méjì, ọwọ́ mi mọ́. Lọ́jọ́ kẹta, ọkọ̀ kan kọjá, ariwo rẹ̀ dá take kẹta dúró kí òṣèré tó lanu. Wọ́n ní ká tún un bẹ̀rẹ̀. Mo rò pé èyí tí kò parí kò ní nọ́ńbà, mo sì fi 3 sílẹ̀ lójú pátákó. A yà á, ó dáa, a kọjá lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí 3 yẹn.

Ọjọ́ tó dára jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ọjọ́ méjì tí mo fi jókòó ti Àǹtí Continuity. Àwọn ló ń rí i pé ohun tí a yà ní àárọ̀ bá ohun tí a yà ní ìrọ̀lẹ́ mu, bí ẹni pé ìṣẹ́jú kan náà ni. Ìran kan wà tí bàbá kan ti ń bu omi mu níbi tó ti ń bá ọmọ rẹ̀ jà. A ti òkèèrè yà á lẹ́ẹ̀mẹrin, wákàtí méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kámẹ́rà sún mọ́ ojú rẹ̀. Àǹtí yíjú sí mi: "Ọwọ́ wo ló fi mú ife?" Mo ní ọwọ́ ọ̀tún. "Ọ̀rọ̀ wo ló wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tó gbé e?" Mi ò mọ̀. Wọ́n ṣí ìwé eré wọn. Ìlà wà lórí rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìlà kan fún shot kọ̀ọ̀kan (ohun tí kámẹ́rà yà láìdúró), tí ń sọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó dúró. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ti fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ pé ó gbé ife lórí ọ̀rọ̀ náà "ìyá rẹ", ó sì sọ ọ́ kalẹ̀ kó tó sọ "rárá". Apá aṣọ rẹ̀ òsì ká lẹ́ẹ̀mejì, ti ọ̀tún ká lẹ́ẹ̀kan. Omi inú ife dé etí òdòdó tí wọ́n yà sára rẹ̀. Wọ́n ní kí ẹni tó ń tọ́jú ẹrù eré bu omi sí i títí yóò fi kan etí òdòdó náà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wò ó kí wọ́n tó ní ó yá.

Láti ọjọ́ yẹn ni ojú mi ti yí padà. Ní kíláàsì, ìtàn ni mo ń wò. Àǹtí yìí ló kọ́ mi láti máa wo ọwọ́.

Wọ́n tún fi káàdì kámẹ́rà sí ìkáwọ́ mi fún ọjọ́ mẹ́rin. Iṣẹ́ kékeré ló jọ, àmọ́ gbogbo owó ọjọ́ kan wà nínú káàdì yẹn. Ẹ̀dà mẹ́ta, oríṣi ibi ìpamọ́ méjì, kí ọ̀kan nínú ẹ̀dà náà má sùn lábẹ́ òrùlé kan náà pẹ̀lú àwọn yòókù. Káàdì tó bá kún gba téèpù pupa, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ pa ohun inú rẹ̀ rẹ́ àfi tí kọ̀ǹpútà bá ti fi ẹ̀dà wé ojúlówó, tó ní wọ́n bára mu.

Ibi tó dùn mí nìyí. Lẹ́tà wọn ní wákàtí mẹ́wàá lóòjọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì lokéṣọ̀n, a dé ibi iṣẹ́ ní aago márùn-ún ìdájí, a kúrò níbẹ̀ ní aago mẹ́wàá àbọ̀ alẹ́, wọ́n sì ní kí a padà dé ní aago mẹ́fà òwúrọ̀. Mo ń tòògbé lórí ìdúró lábẹ́ òpó iná tó wúwo jù mí lọ. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí mọ ohun tí irú rẹ̀ ń dá sílẹ̀. Ní ọdún 1997 ní Amẹ́ríkà, Brent Hershman tó jẹ́ olùrànlọ́wọ́ oníkámẹ́rà ṣiṣẹ́ fún wákàtí 19, oorun gbé e lọ lórí ìdarí ọkọ̀ nígbà tó ń lọ sílé, ó sì kú. Òfin àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù ní kí òṣìṣẹ́ rí ìsinmi wákàtí 11 nínú wákàtí 24. Méje àbọ̀ la rí, ìrìn àlọ àti àbọ̀ wà nínú rẹ̀. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta kọ̀wé sí olùkọ́ wa, olùkọ́ pe ilé-iṣẹ́. Láti ọjọ́ kejì, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ kankan ò kọjá wákàtí mẹ́wàá mọ́, ọkọ̀ sì ń gbé wa délé. Ọjọ́ kan péré ni àtúnṣe náà gbà. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú, torí ó fi hàn pé wọ́n lè ṣe é láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Ní ti owó, owó ọkọ̀ àti oúnjẹ ọ̀sán nìkan ni wọ́n fún wa, bí lẹ́tà ṣe wí. Mo fọwọ́ sí i, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń rán kiri fi iṣẹ́ sílẹ̀, èmi ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún. Ní ọdún 2011, àwọn méjì tó ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ lórí fíìmù Black Swan pe ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà. Adájọ́ dá wọn láre ní 2013 pé òṣìṣẹ́ ni wọ́n. Ní 2015, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn yí ìdájọ́ náà padà, wọ́n ní ohun tí a gbọ́dọ̀ wò ni ẹni tó jàǹfààní jù nínú ìkọ́ṣẹ́ náà, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ni tàbí ilé-iṣẹ́. Ìwọ̀n yẹn ni mo fi ń wọn ọjọ́ mi kọ̀ọ̀kan. Lọ́dọ̀ Àǹtí Continuity, èmi ni mo jàǹfààní, ǹ bá tiẹ̀ sanwó kí wọ́n tó jẹ́ kí n jókòó. Ní ọjọ́ márùn-ún tí mo rọ́pò òṣìṣẹ́, ilé-iṣẹ́ ló jàǹfààní. Mo kọ lẹ́tà béèrè owó ọjọ́ márùn-ún yẹn. Wọn ò san án.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó kẹ́yìn, mo wọ yàrá ẹdítọ̀. Ó dákẹ́ níbẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ni mo sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ọ̀gá ẹdítọ̀ ń wá take kẹrin ìran kan. Àkọsílẹ̀ Àǹtí Continuity sọ pé òun ni dírẹ́kítọ̀ fẹ́ràn jù. Kò sí 4 níbì kankan. 3 wà lẹ́ẹ̀mejì, èkíní ò pé ìṣẹ́jú-àáyá 20. Ara mi bù máṣọ. Mo ní, "Ọ̀gá, èmi ni mo kan clapper yẹn." Wọn ò pariwo. Wọ́n ní kí n jókòó, kí n ti ìdí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí n wá ohùn tó bá àwòrán kọ̀ọ̀kan mu, torí ẹni tó ń gba ohùn ti kọ 4 sínú tirẹ̀. Ó gbà mí ní ogójì ìṣẹ́jú. Nígbà tí "pá" wọlé sórí igi tó pàdé, ọ̀gá ní kí n tún orúkọ fáìlì náà kọ fúnra mi.

Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n fún mi ní ìran bàbá olómi láti tò pọ̀. Mo gé láti òkèèrè sí ojú rẹ̀ lórí "ìyá rẹ", níbi tó ti gbé ife. Ó wọ inú ara rẹ̀ bí ẹni pé kámẹ́rà méjì ló ń yà á lẹ́ẹ̀kan náà. Omi dé etí òdòdó ní ìhà méjèèjì.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ irú ibẹ̀, kí ó béèrè orúkọ ẹni tí yóò wà lábẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan kó tó fọwọ́ sí ìwé, bí wọn ò bá sì rí orúkọ dá, kí ó ní kí wọ́n gbé òun lọ sí ẹ̀ka mìíràn. Kí wákàtí iṣẹ́ àti bí èèyàn ṣe máa délé wà nínú ìwé náà. Wọ́n á tún fún un ní ìwé àṣírí láti fọwọ́ sí, èyí sì tọ́, nítorí fíìmù tí kò tíì jáde ni. Kí ó kàn ní kí wọ́n fi gbólóhùn kan kún un, pé òun lè fi iṣẹ́ òun han àwọn èèyàn tí fíìmù bá ti jáde. Èmi ò béèrè, ìran bàbá olómi tí mo tò kò sì sí lọ́wọ́ mi lónìí.

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún ilé-iṣẹ́ náà. Ìbá jẹ́ mẹ́rin bí wọ́n bá san owó ọjọ́ márùn-ún yẹn.

Nígbà tí fíìmù náà jáde, mo jókòó títí orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ fi ń kọjá. Tèmi wà lábẹ́ ẹ̀ka kámẹ́rà, ní ìlà tó kẹ́yìn, wọ́n sì fo lẹ́tà kan nínú rẹ̀. Mo pe àǹtí tó kọ́ mi ní call sheet. Wọ́n ní kí n fi bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ránṣẹ́ sí àwọn lálẹ́ ọjọ́ náà. Nínú ẹ̀dà tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí, ó pé.