Radiatọ̀ wo lẹ máa rà fún Peugeot 404 tó ń lo ẹ́ńjìnì 504? Bàbà, alumíníọ̀mù, àbí onípílásítíìkì

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń wa 404 láti Àjàṣẹ́ títí dé Kétu, ẹ kú ìforítì o. Tèmi, ẹ́ńjìnì 1618 cc ló bá dé, agbára ẹ̀ ò ju bí ẹṣin 70 lọ, radiatọ̀ tí Peugeot fi sí i sì ká a dáadáa. Àmọ́ mo ti yọ ìyẹn, ti 504 ni mo gbé sí i, 1971 cc, ẹṣin bíi 93, radiatọ̀ àtijọ́ yẹn náà ni mo ṣì ń bá yí, àfi ìgbà tí ojú mi rí màbo láàárín Pobè sí Kétu, omi hó, kílásì (orí ẹ́ńjìnì) tẹ̀, joint de culasse (gásíkẹ́ẹ̀tì abẹ́ ẹ̀) bàjẹ́ lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù kan. Tí ẹ bá pín ooru epo tí ẹ́ńjìnì ń jó sí mẹ́ta, bí ìdá kan ló ń gba inú omi jáde, torí náà bí agbára bá ṣe ń lé sí i ni iṣẹ́ radiatọ̀ ń pọ̀ sí i.

Kẹ́ ẹ tó náwó ṣá, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tó ti ń gbóná. Tó bá jẹ́ inú gosiló ọjà Dantokpa ní Kùtọnu ló ti ń gbóná, tẹ́ ẹ bá sì ti rí ọ̀nà sáré díẹ̀ tó tutù padà, fáànù ni kẹ́ ẹ lọ wò. 404 àti 504 ní fáànù tí mágínẹ́ẹ̀tì máa ń gbá mú nígbà tí omi bá gbóná, ṣàábọ́ọ̀nù kékeré kan (èédú tó ń fara kan ibi tó ń yí) ló ń gbé iná fún un, tí ìyẹn bá ti jẹ tán, fáànù ò ní yí bó ṣe yẹ. Mo mọ ẹnì kan ní Sakété tó ra radiatọ̀ méjì kí ẹnikẹ́ni tó yẹ ṣàábọ́ọ̀nù yẹn wò. Àmọ́ tó bá jẹ́ orí eré ló ti ń gbóná, tàbí ẹ di ẹrù tẹ́ ẹ wá ń gòkè lápá Ṣábẹ, a jẹ́ pé radiatọ̀ ló kéré lóòótọ́, ẹ máa bá mi bọ̀.

Èyí tí èmi mú ni bàbà àtúnṣe. Wọ́n á tú ikùn ti àtijọ́ (àárín tó ní paipu àti ìyẹ́) kúrò, wọ́n á fi ikùn tuntun tó ní ìlà paipu mẹ́ta sí i, wọ́n á wá dá orí àti ìdí ẹ̀ padà. Ohun tó dùn níbẹ̀ ni pé ó máa wọ ibi tó ti wà tẹ́lẹ̀, ẹnu ẹ̀ bá rọ́bà omi mu, kò sẹ́ni tó máa gé irin kankan. Tó bá sì jò lọ́nà, ẹni tó bá ní iná àti òjé lẹ́bàá títì á dí i fún yín kẹ́ ẹ tó jẹ àkàrà tán. Ó wúwo, ìyẹn ò ní irọ́ nínú, ó sì máa ń pẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe é. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí o: ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹnu ẹ̀ kẹ́ ẹ ka ìlà paipu fúnra yín kí wọ́n tó jó orí ẹ̀ pa, torí méjì ni wọ́n fẹ́ fún mi tí wọ́n ń pè ní mẹ́ta. Ìlà mẹ́rin ńkọ́? Ẹ má wulẹ̀ dá a láṣà, afẹ́fẹ́ tó bá fi máa dé ìlà kẹrin ti gbóná, ó ti rẹ̀ ẹ́.

Alumíníọ̀mù wá jẹ́ ọ̀rọ̀ tó ń dá ìjà sílẹ̀ ní gáréèjì. Àwọn kan á ní bàbà ń gbé ooru jù ú lọ, òótọ́ ni, nǹkan bíi 400 sí 240 ni tí wọ́n bá wọ̀n ọ́n. Síbẹ̀ alumíníọ̀mù tí wọ́n ṣe dáadáa lè borí. Ìdí ni pé alumíníọ̀mù fúyẹ́, wọ́n lè ṣe paipu ẹ̀ kó fẹ̀ tó milimítà 25, ti bàbà kì í sábà kọjá 12 sí 16, paipu tó fẹ̀ yìí ló ń fara kan ìyẹ́ tín-ín-rín tó pọ̀, kò sì sí òjé láàárín tó máa dí ooru lọ́nà. Ìlà méjì tirẹ̀ lè ṣe iṣẹ́ mẹ́ta bàbà. Wàhálà ẹ̀ ni pé tó bá lu, súúdẹ̀ (ajórin) tó ní ẹ̀rọ argon nìkan ló lè jó o, ẹ wá a ní Kétu kẹ́ ẹ wò. Ìkejì, kò fẹ́ omi kànga rárá, omi tó mọ́ dáadáa àti líkídì radiatọ̀ ní ìdajì ìdajì ni kẹ́ ẹ bù sí i. Iná tó ń sá lọ náà máa ń jẹ ẹ́: ẹ fi ọwọ́ dúdú tẹ́sítà kan nẹ́gátíìfù bátìrì, ẹ ti pupa bọ inú omi láìjẹ́ kó kan irin, ẹ tan gbogbo iná, tó bá ti kọjá 0.1 volt, ẹ lọ tún wáyà masí ẹ́ńjìnì (èyí tó so ó mọ́ nẹ́gátíìfù) ṣe kó tó dá ihò sí i.

Onípílásítíìkì, ìyẹn alumíníọ̀mù tí orí ẹ̀ jẹ́ ike, ló pọ̀ jù lọ́jà, òun ló sì rọjú jù. Ooru máa ń mú kí ike yẹn gbó, yóò là níbi tí wọ́n ti dì í mọ́ irin, Araldite tẹ́ ẹ bá fi lẹ̀ ẹ́, kó gbé yín délé lásán ni.

Ti venu-de-France, ìyẹn àlòkù tó ti òkè òkun wá, ẹ da omi sí i lókè kẹ́ ẹ wo ìdí, tí kò bá tú dà wàràwàrà, ikùn ẹ̀ ti dí, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.

Ìdérí náà lọ́rọ̀ tirẹ̀. Ìdérí tó ń di bar 1 mú, omi lásán kò ní hó títí yóò fi dé bí 120°C, àmọ́ ẹ má fi èyí tó lágbára ju ti ilé iṣẹ́ lọ dé bàbà tó ti gbó, ibi tí òjé ti rọ̀ ló máa gbà ya.

Àbúrò mi ní Kùtọnu tó ń jókòó sínú gosiló láti àárọ̀ dalẹ́ mú alumíníọ̀mù àti fáànù oníná, kò jayò pa, argon ò jìnnà sí i. Èmi tí mò ń gba Pobè lọ sí Kétu mú bàbà. Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá mú, ẹ gbé ti àtijọ́ dání lọ sọ́jà, ẹ má fẹnu ṣàpèjúwe, kẹ́ ẹ sì ti wọn àyè tó wà láàárín fáànù àti ikùn radiatọ̀ sílẹ̀ látilé, torí tí tuntun bá nípọn ju àyè yẹn lọ, fáànù á gé e ní ìṣáná àkọ́kọ́.