Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ àbí ike ọ̀rinrin, fún leopard gecko tó ń gé ìka ara ẹ̀ jẹ

Leopard gecko (irú aláǹgbá kan táwọn èèyàn ń sìn nílé) tó bá ń gé ìka ẹsẹ̀ ara ẹ̀ jẹ, ẹ má tíì sọ pé orí ẹ̀ ti dàrú o. Ọ̀pọ̀ ìgbà, awọ tó yẹ kó bọ́ ló kù síbẹ̀, ó wá fún ìka yẹn pinpin bí òrùka tó ti kéré, ẹ̀jẹ̀ ò ráyè kọjá mọ́, ìka á wú, á máa dà á láàmú, òun náà á fẹnu sí i, tó bá pẹ́ ìka yẹn lè kú kó já dànù.

Àwọn kan máa ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀ sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, omi tí ò jìn rárá, fún bíi ìṣẹ́jú 15, wọ́n á wá fi cotton bud rọra yí awọ yẹn kúrò. Ó yára, tí ìka bá ti ń wú òun ni màá kọ́kọ́ ṣe, àmọ́ ẹ̀rù máa ń ba ẹran náà, tẹ́ẹ bá sì fà á tipátipá (ọwọ́ á máa yún yín láti fà á!) ẹ lè ya awọ tuntun tó wà lábẹ́.

Ti ike ọ̀rinrin ńkọ́? Ẹ gé ihò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ike tó ní ìdérí, ẹ tẹ́ tíṣù tí ẹ fi omi rẹ sínú ẹ̀, ó parí, fúnra ẹ̀ lá wọlé tó bá fẹ́ bọ́ awọ. Ilẹ̀ gbígbẹ apá Pakistan àti Afghanistan ni ìran ẹ̀ ti wá lóòótọ́, àmọ́ inú ihò tó ní ọ̀rinrin ló ń sá sí lọ́sàn-án. Èmi fara mọ́ ike jù, torí òun ni kì í jẹ́ kí awọ há mọ́ ìka látìbẹ̀rẹ̀. Ìka tó bá ti dúdú ṣá, dókítà ẹranko ló ni ín.