Ológbò àkọ́kọ́: ti ọjà, ti àdúgbò, àbí ti ilé ìtọ́jú ẹranko?

Àwọn tó ń bi mí lọ́rọ̀ yìí ní Ògbómọ̀ṣọ́ ti wá pọ̀ gan-an, pàápàá àwọn ọmọ Yunifásítì LAUTECH tó ń gbé àdúgbò Under G, tí èkúté ti jẹ nóòtì wọn, tó tún lu ọ̀rá gàrí wọn jára. Wọ́n á ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọjà ni ká ti lọ ra ológbò ni àbí ká lọ gbà á nílé tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹranko tí kò sẹ́ni tó ni ín?" Mo ti ra tọjà rí, mo ti lọ gba ti ilé ìtọ́jú, mo sì bá ọ̀rẹ́ mi tọ́ èyí tó gbà ládùúgbò, torí náà ẹ jẹ́ n kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síwájú yín.

Tọjà ló yá jù. Ẹ mówó dání, ẹ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta adìẹ àti ehoro, ẹ nawọ́ sí èyí tó wù yín, ó tán. Bí mo ṣe ra àkọ́kọ́ nìyẹn. Inú àgò adìẹ ni wọ́n kó òun àti àwọn yòókù sí, ẹni tó tà á fún mi ní ó ti pé oṣù méjì dáadáa, mo gbà á gbọ́. Ìgbà tí mo délé tí mo fi ẹja ṣàwá tí mo ti yọ egungun ẹ̀ síwájú ẹ̀, kò mọ ẹja jẹ, orí ìrọ̀rí mi ló gùn lọ, ó ń fi ọwọ́ kékeré ẹ̀ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń fún ọmú ìyá ẹ̀, ó ń fẹnu wá ibi tó máa mu. Mo fún un ní mílíìkì, ìgbẹ́ gbuuru bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ kẹrin ó kú mọ́ mi lọ́wọ́. Ó dùn mí dọ́kàn, ó ṣì ń dùn mí.

Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà yẹn ni pé ọmọ ológbò ò gbọdọ̀ kúrò lọ́dọ̀ ìyá ẹ̀ kó tó pé ọ̀sẹ̀ 8, ọ̀sẹ̀ 12 ló dáa jù, àti pé mílíìkì màlúù ò bá ikùn ọ̀pọ̀ ológbò mu rárá. Tọjà, ẹ ò lè mọ ọjọ́ orí ẹ̀, ẹ ò mọ ìyá ẹ̀, ẹ ò mọ̀ bóyá wọ́n ti gún un lábẹ́rẹ́ kankan, àwọn tó sì jọ wà nínú àgò yẹn lè ti kó àrùn ran ara wọn kẹ́ ẹ tó dé.

Ti àdúgbò sàn ju ìyẹn lọ fíìfíì. Ológbò ìyá kan bí sí ìdí ilé ìdáná, ẹni tó ni ín ní kẹ́ ẹ wá mú kan, ẹ lè lọ wo ìyá náà, bí ìyá bá jẹ́ oníwà tútù tí ò sá fún èèyàn, àwọn ọmọ á mọ èèyàn lára. Ẹ sì lè sọ pé kí wọ́n jẹ́ kó pé oṣù mẹ́ta. Àmọ́ ọ̀fẹ́ yẹn, ẹ̀yìn ẹ̀ lówó wà: oògùn aràn, abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n á máa tún gún ní gbogbo ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 títí táá fi pé bí ọ̀sẹ̀ 16, abẹ́rẹ́ dìgbòlugi láti oṣù mẹ́ta, ẹ̀yin lẹ máa san gbogbo ẹ̀. Bó bá sì jẹ́ abo, ó lè lóyún láti bí oṣù mẹ́rin sí márùn-ún, oyún ẹ̀ ò sì ju nǹkan bí ọjọ́ 65 lọ. Ọ̀rẹ́ mi ò tètè ṣe iṣẹ́ abẹ tí ò ní jẹ́ kí tiẹ̀ bímọ, kó tó ṣẹ́jú pẹ́ẹ́, ọmọ márùn-ún ti ń ké nínú yàrá ẹ̀, ó wá ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ lánlọ́ọ̀dù.

Ti ilé ìtọ́jú ẹranko wá ńkọ́? Wàhálà ẹ̀ ni ìrìn, torí Èkó ni mo ti lọ gba tèmi. Wọ́n á tún bi yín ní ìbéèrè: ta ló nilé, ṣé lánlọ́ọ̀dù gbà, ta ló máa bọ́ ọ bẹ́ ẹ bá rìnrìn àjò. Ẹ má bínú sí wọn, ẹni tó bá fún èèyàn ní ẹranko láìbéèrè nǹkan kan lẹ máa fura sí. Níbi tí wọ́n bá ti ń ṣe é dáadáa, wọ́n á ti fún un loògùn aràn, wọ́n á ti gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n á ti tẹ akọ lọ́dàá, tí abo náà á ti ṣe iṣẹ́ abẹ. Ẹ gba káàdì ẹ̀, ẹ kà á níwájú wọn. Ẹ ṣírò owó ọkọ̀ àti owó tẹ́ ẹ máa san níbẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi wé iye tẹ́ ẹ máa ná bẹ́ ẹ bá ń gbé ti ọ̀fẹ́ lọ sílé ìwòsàn ẹranko ní Yunifásítì Ìlọrin tàbí Ìbàdàn fún gbogbo nǹkan wọ̀nyẹn. Ìyàtọ̀ ẹ̀ ò ní pọ̀ bẹ́ ẹ ṣe rò.

Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ kí n fara mọ́ tibẹ̀ jù ni pé ẹ máa rí ológbò tó ti dàgbà gbà. Gbogbo èèyàn ló ń sáré mú ọmọ, ọmọ sì ni iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ jù, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta sí mẹ́rin ló ń jẹun lóòjọ́, kọ́tìnì ló ń gùn, wáyà ló ń jẹ. Ẹni tó ń jáde láàárọ̀ tí ò ní wọlé títí di ìrọ̀lẹ́, ọmọ ò yẹ é. Àgbà ọlọ́dún méjì sí mẹ́ta, àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀ ti mọ ìwà ẹ̀, wọ́n á sọ fún yín bó bá kórìíra ariwo, bó bá fẹ́ràn ọmọdé. Tèmi, ọjọ́ mẹ́fà ló fi wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, òru nìkan ló ń jáde wá jẹun, mi ò fà á, mi ò yọ ọ́ lẹ́nu. Lọ́jọ́ keje mo ń ro àmàlà lọ́wọ́, mo kàn rí i pé nǹkan rírọ̀ kan fara nù mí lẹ́sẹ̀ lọ, ó tún padà. Mi ò lè mira, àmàlà yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jóná.

Ibi yòówù kẹ́ ẹ ti mú un, ẹ wo ojú ẹ̀ kó má ṣomi, ẹ wo inú etí ẹ̀, bẹ́ ẹ bá rí ìdọ̀tí dúdú tó dà bí ẹ̀lúbọ́ tí ò kúnná, ó lè jẹ́ pé kòkòrò ti wà níbẹ̀, ẹ gbé ìrù ẹ̀ sókè bóyá ó ń ṣu gbuuru. Ẹ má fún un ní parasẹ́támọ́ọ̀lù láé, hóró kan ṣoṣo lè pa á, ẹ má sì fún un lọ́bẹ̀ tí àlùbọ́sà wà nínú ẹ̀. Òtápíápíá àti oògùn èkúté, ẹ kó wọn kúrò nílé, torí ó lè jẹ èkúté tó ti jẹ ẹ́. Bí aláboyún bá wà nínú ilé, kẹ́lòmíì máa kó ìgbẹ́ ológbò náà lójoojúmọ́. Àwọn ará ilé tó bá sì ń sọ pé àjẹ́ ni ológbò, ẹ lọ bá wọn sọ̀rọ̀ kó tó dé, kí wọ́n má lọ sọ ọ́ lókùúta.

Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń lọ mú un, ẹ mú apẹ̀rẹ̀ tó ní ìdérí tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀ dání, ẹ gbé e lé ẹsẹ̀ yín nínú mọ́tò, kì í ṣe inú búùtù. Ẹ bi wọ́n pé kí ló ń jẹ níbẹ̀, ìyẹn náà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ máa fún un. Kẹ́ ẹ sì bu díẹ̀ nínú yanrìn tó ti ń yàgbẹ́ sí sínú ọ̀rá, ẹ dà á lé orí yanrìn tuntun tẹ́ ẹ bá ti ṣe sílé, òórùn ara ẹ̀ ló máa fi mọ ibẹ̀.