JPI EDM 900 nínú Piper Arrow: ó ń rántí ohun tí abẹ́rẹ́ kò lè rántí

Ẹ̀yin tí ẹ ń wa bàálù kékeré, tí géèjì RPM yín (èyí tó ń fi iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan hàn) ṣì jẹ́ oníwáyà tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. JPI EDM 900, ẹ̀rọ tó ń fi bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ṣe hàn lójú rẹ̀, tó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀, ni mo fi rọ́pò tèmi nínú bàálù Piper Arrow mi níbí ní Texas. Ó wọ́n, owó iṣẹ́ ẹni tó máa tò ó sínú bàálù sì tún wà lọ́tọ̀. Síbẹ̀, owó mi kò ṣòfò rárá.

Ẹ́ńjìnnì Lycoming IO-360 tó wà nínú Arrow mi kò gbọ́dọ̀ kọjá 2,700 RPM. Lọ́jọ́ kan, bí mo ṣe ń gbéra, gọ́fánọ̀ tó ń fi ọ́ìlì yí igun apá pùròpẹ́là padà kí eré rẹ̀ má baà pọ̀ jù kò tètè dáhùn. Ẹ́ńjìnnì han goorogo, pupa sì yọ lójú EDM. Mo fa lífà pùròpẹ́là sẹ́yìn, mo rọra dín tírọ́tù kù, mo yípo padà wá balẹ̀.

Nígbà tí mo fi USB gba àkọsílẹ̀ rẹ̀, 2,860 ni mo bá níbẹ̀. Ó fi nǹkan bíi 6% kọjá 2,700. Ẹ má fojú kékeré wo nọ́ńbà yẹn o! Ìwé Service Bulletin 369 ti Lycoming ní bó bá ti ju 10% lọ, kí wọ́n sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ kí wọ́n tú u. Abẹ́rẹ́ tó ń gbọ̀n ò lè bá yín ya méjèèjì sọ́tọ̀.

Mẹkáníìkì gé fílítà ọ́ìlì, ó na bébà inú rẹ̀ sábẹ́ iná, ó ń wá irin wẹ́wẹ́. Ó yẹ sípíríǹgì fáàfù wò lọ́kọ̀ọ̀kan, torí bí eré bá pọ̀ jù, sípíríǹgì ò ní lè ti fáàfù padà kíá, písítìnnì sì lè gbá a. Pùròpẹ́là lọ sí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Bí eré bá fi 10% lé, agbára tó ń fẹ́ fa apá rẹ̀ yọ nídìí á fi 21% lé, ojú lásán ò sì lè rí ibi tó ti bà jẹ́.

Ẹ yẹ iye ìgbà tí EDM yín ń kọ nǹkan sílẹ̀ wò kí ẹ tó fò. Bó bá jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́fà-mẹ́fà ni, eré àsápajúdé oníṣẹ́jú-àáyá méjì lè bọ́ sáàárín láìní àkọsílẹ̀. Ẹ sún un sí èyí tó kéré jù. Bẹ́ẹ̀ ni tèmi ti wà ṣáájú ọjọ́ yẹn, òun la fi rí 2,860 kà.