Sáìtì olówó àbí FamilySearch: èwo lẹ máa fi wá ìran àwọn tó kọ́kọ́ tẹ̀dó sí Kentucky?

Ọmọ Amẹ́ríkà ni ọkọ mi, àwọn bàbá ńlá ẹ̀ wà lára àwọn tó gba Cumberland Gap, ọ̀nà tó la àárín òkè kọjá, kúrò ní Virginia lọ sí Kentucky, kí ibẹ̀ tó di ìpínlẹ̀ ní 1792. Èmi tí wọ́n fi oríkì tọ́ dàgbà ni mo ní mo máa bá wọn to ìran yẹn. Mo ti lo sáìtì tí wọ́n ń sanwó fún lọ́dọọdún, mo sì ti lo FamilySearch, sáìtì ìwádìí ìran tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ẹ gbọ́ tèmi kẹ́ ẹ tó yọ káàdì yín.

Sáìtì olówó yára, ìwé ìròyìn àtijọ́ sì pọ̀ níbẹ̀. FamilySearch ń fẹ́ sùúrù, àwọn ojú ìwé míì wà tí kò ní ṣí fún yín àfi tẹ́ ẹ bá dé ibùdó wọn tàbí láíbírì tó ń bá wọn ṣiṣẹ́.

Ibi tó ti dùn mí rèé. Sáìtì tí mo sanwó fún ń fi ìwé ìran tí àwọn ẹlòmíì ti kọ hàn mí, ó ní ó jọ tiwa, èmi náà ń tẹ "bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni", láàárín ọ̀sẹ̀ méjì a ti dé 1740! Mo tẹ ogójì ìwé fún ìpàdé ẹbí, $600 ló ná mi, ìgbà tá a pàdé ni àǹtí ọkọ mi kan yọ ìwé ilẹ̀ àtijọ́ jáde, orúkọ ìyàwó tó wà nínú ẹ̀ kì í ṣe èyí tá a tẹ̀. Àṣé John méjì ló wà ní county (bí ìjọba ìbílẹ̀) tí wọ́n ń gbé, Senior àti Junior, gbogbo àwọn tó kọ ìwé ìran sórí sáìtì náà ló ní bàbá àti ọmọ ni wọ́n. Láyé ìgbà yẹn, Senior kì í ṣe bàbá dandan, ẹni tó dàgbà jù nínú àwọn tó ń jẹ́ orúkọ kan náà ládùúgbò ni, wọ́n lè má tan rárá. Ẹnì kan ló ṣì í, àwọn tó kù dà á kọ.

Ìwé ìkànìyàn ò lè gbà yín níbẹ̀. Láti 1790 dé 1840, orúkọ baálé nìkan ni wọ́n ń kọ, iye ni wọ́n fi ka ìyàwó àtọmọ, 1850 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ gbogbo ẹni tí kì í ṣe ẹrú, ti Kentucky fún 1790 àti 1800 sì ti sọnù. Ìwé owó orí, ìwé ilẹ̀, ìwé ìhágún ló kù, àti ìwé onídùúró ìgbéyàwó, torí bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n ìyàwó ló sábà máa ń dúró. FamilySearch ti ya fọ́tò irú àwọn ìwé yìí rẹpẹtẹ, kọ̀ǹpútà wọn sì ti ń ka ìwé àfọwọ́kọ báyìí, ẹ tẹ orúkọ, ó máa gbé e jáde láàárín ìwé ìhágún tí ẹnikẹ́ni ò tíì tò sílẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí i tí John àgbà kọ ọ́ pé ọmọ àbúrò òun ni John kejì.

Nínú ìwé yẹn kan náà, orúkọ ẹrú mẹ́fà wà láàárín ẹṣin àti ìkòkò irin, orúkọ kọ̀ọ̀kan, kò sí ti bàbá. Mi ò rí ìkankan nínú wọn nínú ìwé ìran tí mo sanwó fún. Èmi ọmọ Yorùbá, ó pẹ́ kí n tó lè dìde nídìí kọ̀ǹpútà. Tẹ́ ẹ bá pàdé irú orúkọ bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ síta, torí 1870 ni ìwé ìkànìyàn tó kọ́kọ́ kọ orúkọ ọ̀pọ̀ wọn, àwọn ọmọ wọn ṣì ń wá wọn.

DNA: tó bá jẹ́ ìlà bàbá lẹ ń wá, Y-DNA, èyí tó ń ti ọ̀dọ̀ bàbá dé ọ̀dọ̀ ọmọkùnrin nìkan, ni kẹ́ ẹ béèrè, torí ti gbogbogbòò lè má rí nǹkan kan mú lára ẹni ayé 1780.

Ìwé ilẹ̀ tí ìjọba kọ́kọ́ fún wọn ní Kentucky: ọ́fíìsì Secretary of State ìpínlẹ̀ náà ti gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ má ra ẹ̀dà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Èwo wá ni kẹ́ ẹ mú? Méjèèjì ló níṣẹ́ tiẹ̀. Tó bá jẹ́ ìwé ìròyìn lẹ nílò, ẹ san ti oṣù kan, kẹ́ ẹ gba ohun tẹ́ ẹ fẹ́, kẹ́ ẹ jáde. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ béèrè ní láíbírì àdúgbò yín, ọ̀pọ̀ wọn ló ti sanwó irú sáìtì bẹ́ẹ̀ fún aráàlú. Èmi ò tíì san tèmi mọ́ látìgbà náà.